Láògún àti Ẹbọ Òwúrọ̀ Mẹ́rìndínlógún

Ìdánwò ni ìyọnu Láògún. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọ̀tá. Ìdánwò ètò ọrọ̀-ajé ni, èyí tí àwọn tí ó ti jáde ní girama ń ṣe kí yunifásítì tó lè gbà wọ́n. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó kùnà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó kùnà. Ó yege nínú ìmọ̀ ìtàn, ó yege nínú ìmọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ètò ọrọ̀-ajé dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àgbò, kò jẹ́ kí ó kọjá. Òfin ilé-ìwé ìgbaradì tí ó ń lọ sì ni pé ẹni tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò gbọdọ̀ padà wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó kù.

Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni Láògún ní ìlú Òkè-Ayan. Bí lẹ́tà bá dé bá ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Àwọn àgbà tí ó lè bí i lọ́mọ a máa kí i pé, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o." Nítorí náà, nígbàkúgbà tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́.

Morádéyọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ìdílé aláró ni wọ́n ti bí i. Ìkòkò aró mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé wọn. Òun pẹ̀lú ti jáde ní girama, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ìwé ìgbaradì náà ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ kùnà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ kàwé. Láògún a wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Morádéyọ̀ a jókòó ti ìkòkò aró rẹ̀, ọwọ́ dúdú, ìwé lórí itan. Nínú ìdánwò kéékèèké tí àwọn olùkọ́ máa ń fún wọn, Morádéyọ̀ a gba ipò kìíní tàbí ipò kejì. Láògún kì í béèrè ipò tí ó gbà. Morádéyọ̀ náà kì í sọ.

Nígbà tí ìdánwò ku bí oṣù kan àti ààbọ̀, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun Láògún mọ́. Ó lè ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó má rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí."

Ẹfúnyẹmí ni arúgbó tí ó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ní ìlú náà. Kò mọ ìwé. Láògún fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ẹ̀ẹ̀kẹta ju ìtìjú lọ. Wọ́n lọ.

Arúgbó náà fi ọwọ́ pa owó ẹyọ lórí àtẹ, ó dà wọ́n. Méje la ojú sókè. Òdí ni. Ó dà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, Òdí náà ni. Ó wí pé:

"Ìmọ̀ tí a tì mọ́lé, òkùnkùn ní ń bá gbé.
Igbá tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, òjò ọdún kò lè kún un.
Wọ́n dá a fún ẹni tí ó jókòó ti odò,
tí ó ń sunkún òùngbẹ.
Wọ́n ní kí ó tẹrí ba kí ó bu mu.
Ó ní òun kì í tẹrí ba."

"Ta ni ó jókòó ti odò, Ìyá?" Láògún béèrè.

"Ìwọ ni."

"Odò wo?"

Morádéyọ̀ ni Ẹfúnyẹmí yí ojú sí. Lẹ́yìn náà ni ó ka ẹbọ fún wọn.

"Ìgbín mẹ́rin, kí orí rẹ lè tutù. Ẹfun. Aṣọ funfun kan. Èkuru funfun mẹ́rìndínlógún, kí ẹ pín in fún àwọn tí ẹ jọ fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìyẹn ni apá kan. Apá kejì rèé. Fún òwúrọ̀ mẹ́rìndínlógún, kí oòrùn tó gòkè, ẹ tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín. Kí obìnrin yìí jókòó sórí àpótí. Kí ìwọ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Kí ó kọ́ ọ. Ohun tí kò bá yé ọ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé kò yé ọ."

Láògún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ṣé a kò lè fi ìgbín méjì kún un, kí ẹ bá wa yọ ẹní kúrò?"

"Ṣé ọjà ni mo pàtẹ ni, tí ò ń ná an?"

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ojú títì ni ó kọ sí. Ṣé inú yàrá kò tó?"

"Inú yàrá ni o ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì," ni arúgbó wí.

Ó wá kọjú sí obìnrin náà. "Ìwọ ọmọ mi, ohun tí o mọ̀, má jẹ́ kí ó jókòó sínú rẹ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sórí ẹní náà, kọ́ ọ. Ọjọ́ tí o bá kọ́ ẹlòmíràn ni ìwọ gan-an yóò mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Morádéyọ̀ wí. "Màá ṣe é."

Wọ́n rú apá kìíní. Láògún fúnra rẹ̀ ni ó wá ìgbín, ó mú àwọn tí ó tóbi. Wọ́n pín èkuru ní ilé-ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ẹ́, wọ́n ní kí ẹbọ ó dà, kí ó fín. Ara Láògún fúyẹ́ díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kìíní, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀nà sí òkè, ó wo ọ̀nà sí ìsàlẹ̀, kí ó tó jókòó. Morádéyọ̀ fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kí ni kò yé yín?"

Láògún ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ibì kan. Ó pẹ́ kí ó tó lè sọ ọ́ jáde. "Èyí. Wọ́n ní iye ohun tí ènìyàn mú ni ohun tí ó fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ti há a sórí láti ọdún méjì. N kò mọ ohun tí ó ń wí."

Morádéyọ̀ ronú. "Ìkòkò aró mẹ́ta ni mo ní, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni aró rẹ̀ ti tó rẹ aṣọ lónìí, aṣọ kan ṣoṣo ni yóò sì gbà. Bí ìyàwó Baálẹ̀ bá gbé ìró tirẹ̀ wá, tí ìyá yín náà gbé tiwọn wá, ti ta ni kí n rẹ?"

"Ti ìyá mi ńkọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ jáde nílé ni?"

"Ó dára, mo rẹ ti ìyá yín. Kí ni ó ná mi? Ṣé ẹ̀lú àti eérú nìkan ni?"

Láògún wo ìwé, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ó ná ọ ní ìró ìyàwó Baálẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kọ ìwé ni wọ́n wé gèlè lé e lórí."

Láògún bú sẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni ó ti ń wá ohun yìí nínú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ dúdú bo ẹnu. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Kúyẹ̀ ń kọjá.

Kúyẹ̀ ni ó ń kígbe pe ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù, òun àti Láògún sì jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ó dúró gbagidi lójú ọ̀nà.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Akọ̀wé kóòtù lórí ẹní! Ìyàwó, má fi pàṣán jìnnà o. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó kúnlẹ̀, kí ó ká ọwọ́ sókè!"

"Kúyẹ̀, àyè ṣì wà lórí ẹní," ni Morádéyọ̀ wí. "Ẹ yà wá jókòó."

"Èmi kẹ̀? Kí ìyàwó mi gbọ́, kí ó ní kí n wá ka ABD fún òun!"

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò ní èrò búburú kankan nínú. Ṣùgbọ́n ohùn Kúyẹ̀ kì í ṣe ohùn tí ń dúró síbì kan. Nígbà tí Láògún dé kóòtù ní ọjọ́ náà, ẹnìkan bi í bóyá ó ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ẹlòmíràn pè é ní ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Adájọ́ pàápàá kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kejì, Morádéyọ̀ tẹ́ ẹní, ó jókòó dè é. Kò jáde. Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá.

"Akọ̀wé mi, ilẹ̀ ti mọ́."

"Mo ti rú ẹbọ," ni Láògún dáhùn láti inú ilé. "Ìgbín ni ẹbọ. Èyí tí ó kù, ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó ni."

"Òwúrọ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n wí."

"Èmi ni mo fẹ́ ọ, ìwọ kọ́ ni o fẹ́ mi. Gbé ẹní rẹ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Morádéyọ̀ kò bá a jà. Kò sì gbé ẹní kúrò. Ó padà lọ jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹní tí ó ṣófo títí oòrùn fi gòkè.

Ní òwúrọ̀ kẹta, Àlàrápé, ọmọbìnrin ilé kejì tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ìwé ìgbaradì, ń kọjá pẹ̀lú garawa omi. Ó rí i. "Àǹtí, ta ni ẹ̀ ń dúró dè?"

"Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó."

"Ṣé mo lè jókòó?"

"Sọ omi kalẹ̀."

Nígbà tí ó fi di òwúrọ̀ kẹfà, wọ́n ti di márùn-ún lórí ẹní. Morádéyọ̀ ń kọ́ wọn ní ìdí tí iṣu fi ń pọ̀ lọ́jà tí àgbẹ̀ kò sì là. Ó ń kọ́ wọn ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni méjì bá ń ta ohun kan náà ní ojú ọ̀nà kan náà. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò mọ̀, a ní òun kò mọ̀ ọ́n, a lọ wá a, a sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì.

Láògún ń gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá. Ó ki òwú bọ etí. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó kó jọ, tí ó ń há sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè kà á láti òkè dé ilẹ̀ láìwo ìwé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn tó.

Ní òwúrọ̀ kejìlá, ó yọ òwú kúrò létí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Morádéyọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà. Kò pè é, kí ojú má baà tì í. Ó kàn sọ fún Àlàrápé pé kí ó sún, àyè kan sì ṣí sílẹ̀ lórí ẹní, ní apá tí ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti ẹnu ilẹ̀kùn débẹ̀. Láògún dúró níbẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Nígbà tí wọ́n ń dìde, ó padà sínú yàrá.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ìbéèrè kìíní ní kí olúkúlùkù mú àpẹẹrẹ láti inú iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀, kí ó fi ṣàlàyé bí iye ohun tí ènìyàn mú ṣe jẹ́ ohun tí ó fi sílẹ̀. Láògún kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó kọ nípa ìkòkò aró, ó kọ nípa ìró méjì. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ìbéèrè kejì rí bẹ́ẹ̀, ìkẹta rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ní kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wò, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò sí ọ̀kan tí ìdáhùn ọdún mẹ́wàá lè bá mu. Ó wo iwájú, ó rí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, tí ó tẹrí ba sórí ìwé. Ó gbọ́ ìró kálàmù àwọn márùn-ún tí wọ́n jókòó sórí ẹní. Ó kọ ohun tí ó há sórí sínú ìwé, ó sì mọ̀, bí ó ti ń kọ ọ́, pé ó ti kùnà.

Nígbà tí èsì jáde, Morádéyọ̀ yege, ó sì ṣe ipò kìíní. Àlàrápé yege. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ó kù lórí ẹní yege. Láògún kùnà. Olùkọ́ àgbà pè é sí ọ́fíìsì, ó ní òun rí nǹkan tí kò yé òun. "Ìdáhùn rẹ sí ìbéèrè kìíní kò ní àbàwọ́n. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ló ṣe àwọn yòókù?"

Láògún dìde, ó jáde.

Ó padà sọ́dọ̀ Ẹfúnyẹmí, òun nìkan. "Ìyá, mo rú ẹbọ, kò gbà."

"Ìgbín mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Òwúrọ̀ mélòó?"

Láògún na ìka kan sókè.

"Ẹbọ rẹ gbà," ni arúgbó wí. "Ohun tí o rú ni o rí."

"Ṣé n kò lè rú èyí tí ó kù mọ́?"

"Ilé-ìwé yẹn ti tì ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ilé-ìwé mìíràn kò tíì tì ọ́. Ẹní wà nílé yín. Obìnrin náà wà nílé yín. Lọ jókòó."

Èyí ni ó yẹ kí ó ṣe. Kò ṣe é. Kì í ṣe pé ó bínú sí ìyàwó rẹ̀. Òun ni ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ ní ọjọ́ tí Morádéyọ̀ ń lọ sí yunifásítì, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi ṣí. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí Morádéyọ̀ bá dé fún ìsinmi, tí ó bá ní, "Akọ̀wé mi, ẹ jẹ́ kí a jókòó, wọ́n ń ṣe ìdánwò yìí ní ìlú kejì," Láògún a ní kí ẹ̀ẹ̀rùn dé ná. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ní lẹ́yìn ọdún. Lẹ́yìn ọdún, iṣẹ́ kóòtù a ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, láìsí ìjà, láìsí ariwo.

Morádéyọ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí girama Òkè-Ayan gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ètò ọrọ̀-ajé. Nígbà tí ó yá, ó di ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ire wọlé tọ̀ ọ́, ọlá sì bá a gbé. Ọdún kọkàndínlógún lẹ́yìn ìdánwò náà ni àìsàn dé bá a. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó lò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ilé ṣófo.

Àwọn tí ó kọ́ wá bá Láògún ṣọ̀fọ̀, wọ́n kún inú ilé títí dé ọ̀nà. Wọ́n ń sọ bí ó ṣe kọ́ wọn. Ọ̀kan ní ó máa ń di oníbodè, tí yóò máa yẹ ẹrù ọmọ kíláàsì wò kí ó lè fi kọ́ wọn ní òwò ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀kan ní ó máa ń yí ohùn padà bí ìyá arúgbó tí ń ná ata. Ó sín ohùn náà jẹ, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì sunkún. Láògún ń wò wọ́n. Kò gbọ́ ohùn náà rí. Àwọn ọmọ tí kò bá a gbé ilé kan náà mọ̀ ọ́n, òun tí ó fẹ́ ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó lọ sílé Àlàrápé, tí òun náà ti di olùkọ́. Ó gbé ìwé dání.

"Kọ́ mi," ni ó wí.

"Bùrọ̀dá, ẹ jókòó sórí àga."

"Rárá. Ilẹ̀ dára."

Ó jókòó sílẹ̀. Àlàrápé ṣí ìwé, kò lè kà á. Ó fi ìbòrí bo ojú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ́ ọ dáadáa, bí wọ́n ti kọ́ òun náà, fún òwúrọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ohun tí kò bá yé Láògún, ó sọ pé kò yé òun. Kò ṣòro tó bí ó ti rò.

Ó lọ ṣe ìdánwò náà ní ìlú kejì láàárín àwọn tí ó lè bí. Ó yege. Ní ọjọ́ tí ó gba ìwé èsì rẹ̀, ojú ọ̀nà ńlá ni ó gbà wálé, ó gbé e dání gbangba. Àwọn ènìyàn ń kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò dúró ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń kánjú lọ fi hàn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó yára gun àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ti la ẹnu láti pe Morádéyọ̀ kí ó tó rántí.

Bẹ́ẹ̀ ni Òdí wí. Morádéyọ̀ gbọ́ ẹbọ, ó rú u pé, ire rẹ̀ sì bá a lójú ayé. Láògún gbọ́ ẹbọ, ó mú èyí tí kò dùn ún, ó fi èyí tí ó dùn ún sílẹ̀. Nígbà tí ó padà wá rú u, ẹbọ náà gbà, ire náà dé. Ẹni tí wọn ì bá jọ jẹ ẹ́ ni kò sí. Ẹni tí Òdí bá yọ sí, bí wọ́n bá ka ẹbọ fún un, kí ó rú u nígbà tí ẹni tí wọ́n ní kí ó bá jókòó ṣì wà lórí àpótí.